Orúkọ Tó Kọ́kọ́ Wọlé

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí ayé ń rí lára, ẹ wá wo Afínjú níwájú kọ̀ǹpútà. Kì í jókòó tì í bí ọmọ aráyé yòókù ṣe ń jókòó. Á kọ́kọ́ dúró, á wo àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé náà bí ẹni tó bá ìgbẹ́ adìyẹ lórí ibùsùn, á yínmú, á wá fa àkísà funfun kan yọ lápò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ àkísà ọ̀hún, òun ló ń sá a, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yá a. Á nu bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, á nu máòsì, á nu àga. Lẹ́yìn náà ni yóò wá jókòó, ìdajì ìdí lórí àga, ìdajì níta.

Iṣẹ́ eyín ló ń ṣe. Kì í yọ eyín o, ìyẹn iṣẹ́ dókítà. Eyín àtọwọ́dá ni tirẹ̀, èyí tí àwọn tí eyín wọn ti ká ń fi sẹ́nu kí wọ́n lè jẹun, kí wọ́n sì lè rẹ́rìn-ín láìfọwọ́ bo ẹnu. Dókítà á ní kí aláìsàn gé nǹkan rírọ̀ kan jẹ, á fi ojú ibi tó gé jẹ ránṣẹ́; wọ́n á da símẹ́ǹtì funfun sí i, ẹnu náà á di òkúta. Orí òkúta yẹn ni Afínjú ti ń fi ìda mọ erìgì, tó ń to eyín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe tán, ẹ kò ní mọ̀ pé kì í ṣe eyín tí Ọlọ́run fún onítọ̀hún. Ìdí ni pé kì í fi erìgì sílẹ̀ kó máa dán bí abọ́ ike. Á mú abẹ́rẹ́, á gún un wẹ́wẹ́wẹ́ káàkiri, kó lè rí bí ẹran ara gan-an. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn. Erìgì tó bá ń dán máa ń rí i lára ni.

Ohun tó ń rí i lára pọ̀ jọjọ. Kí èèyàn sín, kó sì na ọwọ́ náà sí i pé òun ń kí i. Kí èèyàn fi lẹ́ẹ̀dì sẹ́nu. Kí èèyàn máa jẹun lọ kó máa sọ̀rọ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, ó nu ṣíbí tirẹ̀, ó nu ti ìyàwó, ó sì nu ti àna rẹ̀ ọkùnrin lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí itọ́ ọmọnìkejì ń rí lára, ẹnu ọmọnìkejì ló wá fi ṣiṣẹ́ ṣe! Bí wọ́n bá bi í, á ní, "Ẹnu tèmi kì í sọ̀rọ̀, kì í sì í tutọ́. Èwo nínú tiyín ló rí bẹ́ẹ̀?"

Yàrá gígùn kan lórí òkè ilé alágbàtà táyà ni ibi iṣẹ́ náà. Tábìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún ẹni tó ń fi ìda mọ nǹkan, ẹ̀rọ tó ń dán eyín wà ní igun, tó ń pariwo bí oyin tí wọ́n dà láàmú, ibi ìfọwọ́ sì wà lẹ́yìn pátápátá. Gbogbo nǹkan ló ní ìyẹ̀fun funfun lára. Obìnrin tó ń po símẹ́ǹtì, Ìyá Funfun là ń pè é, nítorí pé ìyẹ̀fun náà kì í kúrò ní ìpéǹpéjú rẹ̀ kódà bó bá ń lọ sóde. Obìnrin tó ni ibẹ̀, Ọ̀gá lásán là ń pè é. Ẹni kẹrin wọn ni Àbúrò.

Àbúrò Afínjú ni, ọmọ ìyá kan náà. Ṣùgbọ́n ó jọ pé Ọlọ́run ti lo gbogbo ìmọ́tótó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán lára ẹ̀gbọ́n kó tó kan ti àbúrò. Ó ń jẹ bisikíìtì lórí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, ó ń fọwọ́ tó ní ìda pa irun rẹ̀, ó sì lè fi ife kan náà mu tíì títí ìdí ife á fi ṣú bí ìdí ìkòkò. Afínjú ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló sì bá a bẹ Ọ̀gá kó gbà á síbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé, "Àbúrò" ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Funfun tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tí kò fẹ́ ṣàfojúdi, ń pè é ní Bùọ̀dá Àbúrò. Ẹni yẹn ti lé ní ogójì ọdún o.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sídìí kọ̀ǹpútà, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí iṣẹ́ kan bá parí, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí dókítà tó ni ín, ẹni tó ṣe é á kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó péye, kí ọlọ́kadà tó gbé àpótí eyín náà lọ. Orúkọ tó bá wà lórí íméèlì yẹn ni dókítà á mọ̀ sí oníṣẹ́. Kò sí àmì mìíràn lára eyín.

Nígbà tí Ọ̀gá ra kọ̀ǹpútà náà, ó ní kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, kó lè yé gbogbo èèyàn. Èrò rere ni. Àmọ́ ẹni tó kọ Yorùbá ọ̀hún, n kò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣí i láàárọ̀, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí lókè ni: YAN ẸNI TÍ O JẸ́. Ní ọjọ́ tí Afínjú kọ́kọ́ kà á, ó bojú wẹ̀yìn wò bóyá ọmọdé kan ló dúró síbẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń sọ fún pé 'o'? Ìgbà wo la di ẹgbẹ́?"

Àwòrán róbótó mẹ́rin ló tẹ̀lé e, ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú tirẹ̀. Lábẹ́ ojú Ọ̀gá, wọ́n kọ ọ́ pé: Ó WÀ, Ó TI JÁDE. Lábẹ́ ti Ìyá Funfun: TI WỌLÉ, KÒ SÍ. Ẹ dákun, ẹni tó ti wọlé tí kò sì sí, kí là ń pè é? Òkú ni àbí olè? Nísàlẹ̀ díẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré bí ẹyin iná orí, wọ́n kọ ọ́ pé: KÌ Í ṢE ÌWỌ? JẸ́ ẸLÒMÍRÀN. Nísàlẹ̀ pátápátá ni bọ́tìnnì búlúù ńlá kan wà, ó fẹ̀, ó ń dán, ó sì sọ pé: TẸ̀SÍWÁJÚ BÍI TI ÀKỌ́KỌ́.

Kí ni "bíi ti àkọ́kọ́"? Ọ̀gá ní ó túmọ̀ sí pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá Funfun ní ó túmọ̀ sí pé kéèyàn ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Afínjú ní kò túmọ̀ sí nǹkankan, pé ẹni tó kọ ọ́ ló ń sunkún ebi. Àbúrò ní tirẹ̀ kì í dá sí i, á ní ọ̀rọ̀ ìwé ò yé òun. Nígbà tó sì jẹ́ pé bọ́tìnnì búlúù ló tóbi jù, òun ni gbogbo wọn ń tẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé, tí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀, òun ni kọ̀ǹpútà ń pè ní àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wá lẹ́yìn rẹ̀ tí kò tẹ ojú ara rẹ̀, tó kàn tẹ búlúù, ohunkóhun tó bá fi ránṣẹ́, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ló máa gbé lọ. Ní ibòmíràn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá ló ń kọ́kọ́ wọlé, lónìí èyí, lọ́la ìyẹn. Níbi tiwa ńkọ́? Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún. Bí wọ́n bá dé láàárọ̀, wọ́n á dúró ti kọ̀ǹpútà náà, wọ́n á sọ fún Afínjú pé, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wọlé ná." Ọ̀gá pàápàá, tó ni ẹ̀rọ, á dúró, torí Afínjú jù ú lọ dáadáa. Afínjú á nu ohun tó ń nù, á jókòó pẹ̀lú ìdajì ìdí, á tẹ páásíwọ̀dù rẹ̀, á dìde. Báyìí ni orúkọ rẹ̀ ṣe ń wà nílẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ẹni tó bá wù ú ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹní ẹnu ọ̀nà.

Òun fúnra rẹ̀ kì í padà síbẹ̀ mọ́ lójúmọ́ náà. Àwọn yòókù á ti fi ọwọ́ símẹ́ǹtì àti ọwọ́ bisikíìtì pa bọ́tìnnì náà lára. Bó bá parí iṣẹ́, á na fọ́tò rẹ̀ sí àbúrò rẹ̀, á ní, "Bá mi fi ránṣẹ́." Àbúrò á ní, "Kò burú, Ẹ̀gbọ́n."

Lára àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá, dókítà eyín kan wà tó ju gbogbo wọn lọ, obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Kì í wá síbẹ̀. Orúkọ ló mọ̀, kò mọ ọwọ́. Àwọn ẹnu kan wà tó le: ẹnu ẹni tí àìsàn ti jẹ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹnu ẹni tí ọkọ̀ gbá. Dókítà yìí ti sọ fún Ọ̀gá pé òun fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa ṣe irú wọn fún òun, àti pé òun ń wo iṣẹ́ oníkálukú. Láti ìgbà tí Afínjú ti ń fọwọ́ kan ìda, kò tíì sí ohun tó wù ú bí iṣẹ́ yẹn. Ó ti ra abẹ́rẹ́ tuntun sílẹ̀. Nílé, ó ti ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ bí òun ó ṣe máa mọ erìgì ẹni tí kò ní egungun mọ́, títí obìnrin náà fi ní kó jẹ́ kí òun jẹun ná.

Ni Dókítà bá dé lọ́jọ́ kan láìrò tẹ́lẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn wá, ó kí wọn, ó ní ta ni Afínjú. Afínjú dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ ti ń dùn. Dókítà tú áńkáṣíìfù kan sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

Eyín ni, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Méjì iwájú kọjú síra wọn bí orogún. Ìda ṣì há sáàárín àwọn ti ẹ̀gbẹ́. Erìgì rẹ̀ ń dán yanran, etí rẹ̀ mú bí abẹ, kò sẹ́ni tó fi sáńpépà kàn án. Ohun dúdú kan ti gbẹ mọ́ ọn lára, ẹ̀jẹ̀ ni. Afínjú fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú.

Ó ní, "Ta ló ṣe ẹ̀gbin yìí?"

Dókítà ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kẹ̀?"

"Orúkọ yín ló wà lórí íméèlì. Ẹ ní ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó péye." Dókítà kò pariwo, ìyẹn ló tún wá burú. "Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fi í sẹ́nu, ìyá àgbàlagbà. Ó rò pé bó ṣe máa ń dunni ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ló bá ń mú un mọ́ra títí erìgì rẹ̀ fi bó. Omi nìkan ló ń mu báyìí. Kì í sì í ṣe èyí nìkan. Mo ti rí bíi mélòó kan láti ọ̀dọ̀ yín, mo ń fara dà á, mo ní àgbà ni yín, bóyá ojú ló ń dùn yín. Ẹ má bínú, sà. Mo ní kí n wá sọ ọ́ fún yín lójúkojú: n kò lè gbé ẹnu kankan fún yín mọ́. Àbúrò yín ni mo mú fún àwọn tó le yẹn. Ọwọ́ tiwọn mọ́."

Ẹ gbọ́ o. Ọwọ́ Àbúrò ló mọ́!

Afínjú yíjú. Ó wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò ń wo bàtà ara rẹ̀. Dókítà ti mú fóònù jáde, ó ń fi fọ́tò iṣẹ́ tó wù ú hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ Àbúrò lórí gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo erìgì yìí bó ṣe rí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi abẹ́rẹ́ gún un wẹ́wẹ́. Ta ló tún ń ṣe irú èyí láyé ìsinsìnyí?"

Afínjú tẹ ara síwájú. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ ọ́n. Ìyá kì í ṣi ọmọ rẹ̀ mú. Gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn, òun ló gún un níbi fèrèsé yìí. Gbogbo fọ́tò yẹn, òun ló nà án sí àbúrò rẹ̀ tó ní, "Bá mi fi ránṣẹ́."

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ, tàbí ó rò pé òun rí i. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Háà, Dókítà! Kọ̀ǹpútà ni! Ẹ máa bọ̀, ẹ wá wò ó." Ó fà á lọ sídìí rẹ̀, ó fi búlúù ńlá náà hàn án, ó ní àwọn ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀ títí dòní. Wọ́n ní kí Ìyá Funfun tẹ̀ ẹ́, kó kọ nǹkan. Ìyá Funfun kọ "Ẹ káàsán mà," ó fi ránṣẹ́. Fóònù Dókítà dún. Wọ́n wò ó, ojú Afínjú ló gbé e wá.

Ni gbogbo yàrá bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ń fọwọ́ nu omi ojú. "Ẹ̀rọ burúkú! Ẹ ò rí i? Ó ń da orúkọ wa pọ̀!" Àbúrò rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, ó ní, "Èmi ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn ò yé èèyàn." Dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó yá wọn lára láti gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú lòun ò ti wẹ̀. Ẹrín wọn ń rí Afínjú lára ju eyín tó wà nínú áńkáṣíìfù lọ. Ẹnu ìyá kan ń ṣẹ̀jẹ̀ níbì kan, àwọn èèyàn dúró ti bọ́tìnnì búlúù wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Funfun ló ba ẹrín náà jẹ́, kò sì mọ̀ pé òun ń bà á jẹ́. Ó ní, "Àmọ́ o, èmi tí mò ń tẹ búlúù yìí, orúkọ Bàbá ni gbogbo tèmi gbé lọ. Bùọ̀dá Àbúrò ńkọ́? Báwo ni ti Bùọ̀dá ṣe ń rí ojú ara ẹ̀ nígbà mìíràn?"

Ẹrín dá. Dókítà padà sí fóònù rẹ̀, ó ń fi ìka ti í sókè, ó ń ti í sísàlẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Èyí tó dára àti èyí tí kò dára dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, àárín wọn ò ju ìgbà tí èèyàn fi ń mu omi lọ. Èyí tó dára, Àbúrò. Èyí tó burú, Afínjú. Òmíràn rèé, bákan náà. Òmíràn tún rèé. Ẹ̀rọ tó ń ṣi orúkọ mú, báwo ló ṣe mọ èyí tó dára yàtọ̀?"

Ó yíjú sí Afínjú. "Sà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ta ló ṣe eléyìí?"

N kò ní parọ́ fún yín, Afínjú fẹ́ bo àbúrò rẹ̀. Ọmọ ìyá ni. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, bí wọ́n bá lé e níbí, ta ni yóò gbà á pẹ̀lú ọwọ́ yẹn? Ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ fún un láti sọ, Ọ̀gá ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ẹ̀rọ ni. Àbúrò gbójú sókè, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀rọ" ti dé orí ahọ́n Afínjú. Àmọ́ ó tún ṣèèṣì wo eyín ọ̀hún, ìda tó há síbẹ̀, etí tó mú yẹn, ẹ̀jẹ̀ arúgbó tó gbẹ mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ sì kọ̀.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ṣe irú ẹ̀ láyé mi. Àbúrò mi ló ṣe é. Àwọn tẹ́ ẹ̀ ń yìn yẹn, èmi ni."

Bó ṣe parí nìyẹn. Dókítà kí i pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní kó dárí ji òun. Ó ní ẹnu ìyá tíṣà náà ni kó fi bẹ̀rẹ̀, àti pé àwọn tó le yẹn, tirẹ̀ ni gbogbo wọn. Ọ̀gá kò tilẹ̀ jẹ́ kí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ tán kó tó sọ fún Àbúrò pé kó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ìyá Funfun sá sídìí símẹ́ǹtì, ó ń po ohun tí kò sẹ́ni tó ní kó pò.

Afínjú bá Àbúrò níbi ìfọwọ́ lẹ́yìn, ó ń kó ọ̀bẹ ìda rẹ̀ sínú ọ̀rá. Kò fọ wọ́n. Ó kàn ń dà wọ́n sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tìdọ̀tí tìdọ̀tí.

Afínjú ní, "Ẹni tá a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló kó sọ́wọ́. Ìwọ! O ní ọ̀rọ̀ ìwé ò yé ọ."

Àbúrò ní, "Ó yé mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Ẹ̀gbọ́n. Kò le. Ojú tèèyàn bá tẹ̀, òun ló máa jẹ́."

"O wá yàn láti jẹ́ olè."

"Mo yàn láti jẹ́ ẹ̀yin ni." Ó tún ju ọ̀bẹ kan sínú ọ̀rá. "Àárọ̀ àárọ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń bi mí pé ta ni mí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Àbúrò Afínjú. Nílé, Àbúrò Afínjú. Níbí, Àbúrò Afínjú. Mo ní kí n wo bó ṣe máa ń rí, kí wọ́n yin èèyàn. Ẹ̀yin ẹ̀ kúkú fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn lẹ́yìn mi rí. Bí mo bá jókòó lórí àga, ẹ̀ ń nù ún. Bí mo bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ẹ̀ ń nù ún. Láti kékeré. Ṣé ẹ rò pé n kì í rí i?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Afínjú níbi tó dùn ún. Ó rántí pé òótọ́ ni, ó sì rò pé ó yẹ kí òun ṣàánú rẹ̀. Ó wá àánú náà nínú ara rẹ̀. Ó rí díẹ̀, àmọ́ ìríra ló wà lókè rẹ̀, ó nípọn bí òróró lórí omi. Kí èèyàn fẹ́ orúkọ, ó yé e. Kí èèyàn wá fẹ́ orúkọ títí ẹnu arúgbó á fi bó, tí yóò sì máa jẹ bisikíìtì lọ, ìyẹn ò yé e.

Ó ní, "Orúkọ lo fẹ́. Ó dáa, orúkọ kan ti wà nílẹ̀ fún ọ. Gbéra, kó o lọ bá ìyá tó o bẹnu jẹ́ yẹn. Dúró níwájú wọn bí ọkùnrin, kó o sọ pé ìwọ ni."

Àbúrò fi ọwọ́ ìda pa irun rẹ̀. Ó ní, "Mo ti lọ."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí. Ìyá Funfun sọ fún èmi nìkan lánàá pé Dókítà pè síbí, pé ó ń bínú nítorí ẹnu ìyá kan. Mo ti mọ eyín tó jẹ́. Mo wádìí ilé wọn, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Mo rò pé bí wọ́n bá ti gba ẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán." Ó di ẹnu ọ̀rá náà. "Wọ́n ṣèèyàn. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ṣàdúrà gígùn. Wọ́n bi mí pé ta ló rán mi."

Afínjú dúró. Ó ti mọ ohun tó ń bọ̀, ó sì ń bẹ Ọlọ́run kó má rí bẹ́ẹ̀.

"Mo ní ẹ̀yin ni," ni Àbúrò wí. Kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni pé ó sọ nǹkan tó burú. "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti dárí jì yín."

Afínjú ti í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di etí ibi ìfọwọ́ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì láìnù ún, ó sì bì.